Ẹṣin Tí Wọ́n Dá Padà: Ìrònú lórí Sùúrù àti Ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run

Àmọ̀nà ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ó sì ń ṣáájú àlejò, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n sì ń pè ní ìtọ́sọ́nà, ìyẹn ni pé kí ó sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà àti ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà. Láyé àtijọ́, kí ọkọ̀ tó dé, oníṣòwò tí ó bá fẹ́ ti Ìṣẹ́yìn dé etí òkun kò jẹ́ dá rìn. Yóò dara pọ̀ mọ́ àwọn èrò, ẹni tí ó mọ oríta, tí ó mọ odò, tí ó sì mọ ohun tí oníbodè ń gbà yóò wà níwájú wọn. Àmọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń fojú hàn, ó ń dáhùn bí èrò bá bi í léèrè, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ní iye. Nígbà tí Kìrìsìtẹ́nì bá wá ń pe Ọlọ́run ní Afinimọ̀nà, tí Mùsùlùmí sì ń tọrọ ìmọ̀nà lọ́wọ́ Rẹ̀ nínú gbogbo ìrun tí ó bá kí, àfiwé ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àfiwé náà sì yẹ̀ níbì kan tí ó ṣe pàtàkì: Afinimọ̀nà yìí kì í fojú hàn, kì í sì í sábà dárúkọ ìlú tí ó kàn. Ẹni tí ó ń tẹ̀ lé E lè má mọ̀ pé òun ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, àfi ìgbà tí ó bá ti rìn jìnnà tí ó wá bojú wẹ̀yìn. Níbi tí àfiwé yẹn ti yẹ̀ gan-an ni sùúrù ti ń di ọ̀ràn.

Sùúrù pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè so ọ̀rọ̀ náà mọ́ sabr ti èdè Lárúbáwá, tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò àti àwọn àáfà apá òkè wọ inú èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àdúrà, wòlíì, ìwàásù àti àlùfáà ti ṣe wọlé. Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìwà náà kí orúkọ yìí tó dé, nítorí pé ìfaradà wà nílẹ̀, ìpamọ́ra náà sì wà, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan. Ìfaradà ni kí ara gba ìyà kí ó má wó; kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó ru ẹrù láti àárọ̀ dalẹ́ ní i. Ìpamọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti fi hàn, ni kí ènìyàn pa nǹkan mọ́ ara, kí ó má jẹ́ kí ìbínú tàbí ẹ̀dùn ọkàn tú síta, nítorí náà ó jẹ mọ́ bí ènìyàn ti ń bá ẹlòmíràn gbé. Sùúrù nìkan ni ó ní ọjọ́ iwájú nínú. Ẹni tí ó ń ṣe sùúrù ń retí nǹkan, bí kò bá sì sí ohun tí ó ń retí mọ́, a jẹ́ pé ìfaradà ló kù tí ó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ Yorùbá lára débi pé wọ́n fi í sọ ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ Sùúrùlérè ní Èkó, òmíràn ń jẹ́ ẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ti Èkó yẹn wà lára ibi tí ìjọba kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ láti ọdún 1955, nígbà tí wọ́n ń wó ilé onílé ní àárín Erékùṣù Èkó. Bóyá sùúrù wọn lérè tàbí kò lérè, àwọn ọmọ wọn ni kí ènìyàn lọ bi. Láàrin Mùsùlùmí Yorùbá, wọ́n ń sọ ọmọbìnrin ní Tawakalitu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti gbára lé Ọlọ́run, tí ó fi jẹ́ pé ìyá tí ó ń pariwo pe ọmọ rẹ̀ wọlé wá jẹun alẹ́ ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ fún gbogbo àdúgbò láì fura. Àwọn onímọ̀ Ifá ní tiwọn gbà pé ènìyàn ti yan orí kí ó tó dé ayé, ohun tí wọ́n ń pè ní àkúnlẹ̀yàn, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, wọn a fi kún un pé ẹsẹ̀ ni ó ń gbé orí dé ibi tí orí ń lọ, ẹsẹ̀ sì dúró fún akitiyan. Ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò pàdé nínú ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé kí ènìyàn jókòó.

Síbẹ̀ náà, ìjókòó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ̀bi náà pọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn, nítorí pé ‘ẹ ṣe sùúrù, Ọlọ́run mọ ohun tí Ó ń ṣe’ kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tí bàtà kò ta lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkà bí ẹni tí ń sọ ọ́ kò bá sí lójú ọ̀nà. Nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn wo ẹnì kan tí ó wà lójú ọ̀nà ní tòótọ́, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kò sí ìgbésí ayé kan nínú ìtàn Yorùbá tí ó dán ọ̀ràn yìí wò bíi ti Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Àwòrán rẹ̀ tí ó wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń tanni jẹ díẹ̀, nítorí pé àgbàlagbà tí ó ti dé ibi tí ó ń lọ ni ó ń fi hàn. Ọ̀ṣoògùn, nítòsí Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní ọdún 1821, ogun ká ìlú náà mọ́ ní òwúrọ̀, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1837, ó sọ pé Fúlàní wà nínú àwọn ajagun náà, àwọn Ọ̀yọ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Bàbá rẹ̀ sáré wálé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Wọ́n ju okùn sí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìṣẹ́yìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ nídìí ẹṣin yìí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ìjòyè tí ó gbà á lọ́rùn, ó dá a padà fún ẹni tí ó ni ín, wọ́n sì dá ọmọ padà fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dá ọjà tí kò bá dára padà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ìjòyè yìí tún tà á, ọ̀nà tí ó já sí òkun sì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹṣin náà bá jẹ́ ẹṣin rere ni, tí ó ń sáré tí ó sì gbọ́ràn sí ìjánu, ó ṣeé ṣe kí Àjàyí dàgbà sínú oko ẹrú ní Ìṣẹ́yìn, kí ó máa ro oko olóko, kí ó kú síbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Oníwàásù lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ni ó ba ẹṣin náà jẹ́ lójú olówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó bí ìbéèrè tí ó korò. Àjàyí nìkan kọ́ ni ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin nígbà náà, ẹṣin tàwọn mìíràn sì dára. Ta ni ó ń fi ọ̀nà han àwọn ìyẹn?

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ń pè ní ìpèsè Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá, ìyẹn ni ìgbàgbọ́ pé Ẹlẹ́dàá kò kàn dá ayé kí Ó sì kẹ́yìn sí i, ṣùgbọ́n pé ọwọ́ Rẹ̀ wà nínú ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà di ìgbàgbọ́ yìí mú. Àkọ́kọ́ ni kí ó sọ pé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni Ọlọ́run fẹ́, ìyẹn ni pé ogun Ọ̀ṣoògùn dára, okùn ọrùn náà dára. Èkejì ni kí ó sọ pé ibi jẹ́ ibi, ẹni tí ó ṣe é ni yóò jíhìn, ṣùgbọ́n pé kò sí ibi tí ó lè ti ọ̀nà pa débi tí Ọlọ́run kò fi ní rí ọ̀nà mìíràn là. Ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn láti wàásù. Èkejì nìkan ni ó ṣeé sọ lójú ìyá tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ. Crowther fúnra rẹ̀, nínú lẹ́tà ọdún 1837 yẹn, sún mọ́ etí ọ̀nà àkọ́kọ́, nítorí ó sọ pé òun ti wá kọ́ láti máa pe ọjọ́ burúkú tí wọ́n kó òun ní ọjọ́ ìbùkún. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ nípa ara tirẹ̀ nìkan, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 16, kò sì fi ìgbà kan sọ pé kí wọ́n má fòpin sí òwò ẹrú. Ẹni tí ó gba ọgbẹ́ náà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àpá rẹ̀ dára. Ẹlòmíràn kò ní i.

Kí ó tó dé ibi tí ó ti lè sọ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ìrètí nù pátápátá. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tí kò lù ú, tí ó sì ń mú un rìn kiri pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú òun lọ sí ilẹ̀ Pópó, níbi tí àwọn Potogí ti ń ra ènìyàn, ẹ̀rù bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pinnu láti kú. Lóru, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó mú ọ̀já tí ó fi ń di ara, ó fi kọ́ ọrùn, ó fẹ́ fún ara rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbé e láti fà á le. Kò pa èyí mọ́. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà fún àwọn òyìnbó tí ó ń sìn lọ́dọ̀ wọn. Ó yẹ kí àwọn tí ń fi Crowther ṣe àpẹẹrẹ sùúrù máa ka ibẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 yìí kò ní sùúrù kankan lóru ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun, ohun tí ó sì gbà á là kì í ṣe ìwà rere tirẹ̀. Ìtọ́sọ́nà kò dúró de ìgbà tí ó kọ́kọ́ ní ìgbàgbọ́.

Ní oṣù Igbe ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn, tí gbogbo wọn jẹ́ 187, sínú ọkọ̀ Potogí kan tí ń jẹ́ Esperança Felix ní Èkó. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà ṣí ni ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú un, ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Èyí ni ìdáǹdè, òun sì ni ìwé ìtàn ń fi ìdùnnú ròyìn, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn ọmọ náà rí yàtọ̀. Bí wọ́n ti gòkè sórí ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, awọ rẹ̀ funfun báláú. Ní ilé wọn, iná ni wọ́n fi ń wi irun ẹlẹ́dẹ̀ kúrò, awọ rẹ̀ a sì dúdú. Wọn kò rí irú èyí rí. Wọ́n tún rí ọta àgbá tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lórí pákó, wọ́n rí i ní roboto bí orí ènìyàn. Wọ́n gbà pé ẹran ara àwọn tí wọ́n ti pa ṣáájú ni ó rọ̀ yẹn, àti pé orí wọn ni ó tò sílẹ̀. Ó di ìgbà tí Àjàyí sún mọ́ ọn, tí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó sì rí pátákò tí ó là sí méjì, kí ó tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè ṣàlàyé ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run ju èyí lọ. Wọ́n ti bọ́ lóko ẹrú, wọn kò sì mọ̀. Lójú wọn, ọwọ́ àwọn apànìyàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí. Ohun tí ó mú irọ́ náà kúrò lójú wọn kì í ṣe ìran tàbí ohùn láti ọ̀run, bí kò ṣe pé ọmọ kan fara balẹ̀, ó lọ wo ẹsẹ̀ ẹran. Bóyá ibẹ̀ ni sùúrù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí pé sùúrù jẹ́ kí ènìyàn má tíì dájọ́ títí yóò fi wo pátákò.

Ó dé Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù Òkúdù ọdún kan náà. Ìtàn ohun tí ó tẹ̀ lé e gbajúmọ̀, kò sì gba àtúnsọ gígùn: ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó kọ́ ìwé kíkà láàrin oṣù díẹ̀, wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ọdún 1825, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843. Ibi tí ìtàn máa ń sáré kọjá ni ó yẹ kí àròkọ onírònú ti rìn jẹ́jẹ́, ìyẹn ni oṣù méjìdínlógún tí ó lò ní Bádágìrì.

Òun àti àwọn oníwàásù òyìnbó méjì, Henry Townsend àti Charles Gollmer, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1845, Abẹ́òkúta sì ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí ó ti gba Townsend tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà ìbẹ̀wò rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n gbọ́ pé ó ti kú. Ogun wà lójú ọ̀nà. Ní Èkó, ní ọdún yẹn kan náà, Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè, àwọn tí ń fi òwò ẹrú jẹun kò sì fẹ́ kí àwọn oníwàásù wọ̀lú. Abẹ́òkúta kò jìnnà, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè dé ibẹ̀. Lójú ẹni tí ó ń ṣírò àkókò, ọdún kan àbọ̀ yìí ṣòfò. Ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn wò: wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n ń wàásù lábẹ́ igi, Crowther sì ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ ní èdè tí ó ti kọ́kọ́ gbé ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1843. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò ní Bádágìrì títí di òní, tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, ọwọ́ Gollmer sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ ni ó kọ́ ọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin sùúrù àti ọ̀lẹ nìyẹn, ó sì ṣeé fojú rí, ó ní àkàsọ̀, ó ní fèrèsé.

Nígbà tí ọ̀nà là ní ọdún 1846, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n dé Abẹ́òkúta tí arákùnrin Crowther kan fi mú ìyá rẹ̀, Afàlá, wá bá a láti ìlú Abákà, ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé bí ìyá náà ti rí òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ tí ó ti rù, tí ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ọmọ náà nígbà kan pè é. Ìyá àgbà yẹn ti kú sóko ẹrú. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì kò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń wojú ara wọn.

Sùúrù Afàlá kò ní àkọsílẹ̀, nítorí pé kò mọ̀wé, àwọn òyìnbó kò sì ní kí ó kọ lẹ́tà. Wọ́n mú un lẹ́rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn ẹbí rà á padà, ó tún padà sẹ́nu òwò àti oúnjẹ òòjọ́. Kò ní Bíbélì tí ó ń ka ìlérí inú rẹ̀, ẹ̀sìn tí ó bá lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí wọ́n bá ń sọ pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni Ọlọ́run ń tọ́ sọ́nà, kí wọ́n rántí pé obìnrin yìí kò tíì gbọ́ orúkọ tí àwọn oníwàásù ń pè, ọ̀nà sì mú un dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ bákan náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Èrèlé ọdún 1848, ọmọ yìí ṣèrìbọmi fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánnà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, obìnrin tí ó ń tọrọ ọmọ títí àlùfáà fi rò pé ọtí ni ó ń pa á. Afàlá gbé ayé di ọdún 1883.

Irú sùúrù mìíràn tún wà, tí kò ní ìparí tí ń mú omijé wá, òun sì ni sùúrù atúmọ̀ èdè. Crowther a máa tẹ́tí sí àwọn àgbà níbi ẹjọ́, níbi òkú àti níbi ẹbọ, kí ó lè gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu ẹni tí ó ni èdè, nítorí ó gbà pé èdè ọjà nìkan kò tó gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, Bíbélì lódindi kò sì pé títí di nǹkan bí ọdún 1884, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn mìíràn bíi Thomas King. Nínú Bíbélì yẹn, sùúrù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn fún ohun tí ìpọ́njú ń bí. Ẹni tí ó bá rántí àwọn tí ó wà nínú ogun Ọ̀ṣoògùn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú fi sínú ìwé mímọ́ rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀sìn àwọn kan lára wọn wá, pẹ̀lú àdúrà, wòlíì àti àlùfáà. Kò lé ọ̀rọ̀ náà dànù nítorí ẹni tí ó mú un wá.

Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó láti ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ohun tí iná náà jẹ. Àwọn òwe wọ̀nyẹn kò padà wá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọgbọ́n ẹ̀kọ́ Ọlọ́run sọ pé ó dára kí wọ́n jó. Ohun tí ó ṣeé sọ ni pé ó tún mú kálàmù.

Òpin rẹ̀ ni ó tako àwọn tí ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ wàásù pé ẹni tí ó bá mú sùúrù yóò jèrè. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 1864, ó sì fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní agbègbè Odò Ọya kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha ní oṣù Ògún ọdún 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, Dandeson ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ àlùfáà àgbà, ìyẹn akíndékìn, sì wà lára wọn. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kò sì fi ìjọ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi sípò rẹ̀. Bí sùúrù bá jẹ́ àjọ tí ènìyàn ń dá kí ó lè kó o lọ́jọ́ kan, Crowther kò kó tirẹ̀. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ jẹ́rìí sí kéré ju èrè lọ, ó sì lágbára jù ú lọ, ìyẹn ni pé lójú ọ̀nà tí kò yàn, tí kò sì rí òpin rẹ̀, ó rí iṣẹ́ tí ó tó ọwọ́ rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, ó sì ṣe é.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Òkúdù ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, Justin Welby, ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà nínú ilé ìjọsìn kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n fi ojú Crowther rí. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọdún 122.